Ìdajì Iṣẹ́ Ni Alárinà Jẹ́

Nígbà tí Ìyá ní kí Dúdú bá òun wádìí ọkùnrin kan fún Pupa, àbúrò rẹ̀, Dúdú ní òun ti gbọ́, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé ìfọṣọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ló wà, fóònù há sáàárín etí àti èjìká rẹ̀, ó ń ká táwẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Ẹni tó bá ń wò ó yóò rò pé ọ̀rọ̀ ata àti iyọ̀ ni wọ́n ń bá a sọ.

"Ìwọ lo ń rí i láàárọ̀ lálẹ́," Ìyá ń wí. "Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti gbé àpò yẹn wá, Pupa ò jẹun bí èèyàn mọ́. Tí mo bá pè é sídìí abọ́, á ní òun ti yó. Kí ló jẹ tó fi yó? Atẹ́gùn?"

Dúdú rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó yẹ kó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ àpò yẹn gan-an ló ń ta á lára. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ yìí, tó ń gbé èrò kiri láti èbúté kan dé òmíràn kí wọ́n lè fún ojú lóúnjẹ, ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó wọn lọ wo ìlú. Amọ̀nà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, láti orí ọ̀gá ọkọ̀ títí dé orí ẹni tó ń fọ ìkòkò. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá sí ilé ìfọṣọ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí eruku ti pa láwọ̀ dà. Á fara ti ilẹ̀kùn, á máa sọ ohun tí àwọn èrò fi ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà: bàbá kan tó ra ìkòkò amọ̀ ńlá, tó ní kí Amọ̀nà bá òun pọ̀n ọ́n, ìyá kan tó ń bínú sí òkè nítorí pé ó ga. Dúdú á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ṣáájú ti gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí alágbàfọ̀ fẹ́ràn, ẹ wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ lọ̀.

Kò sọ fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí Ìyá kọ́kọ́ rí i, kí Ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkùnrin dáadáa ni, kó tó di pé òun la ẹnu. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté ìlú wọn, ó di òògùn orúnkún Ìyá àti bàtà tuntun sínú àpò, ó bẹ Amọ̀nà pé kó bá òun gbé e délé. Òun kò lè lọ. Ọjọ́ tí èrò kan bá ń sọ̀kalẹ̀ tí òmíràn ń wọlé ni gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀ ń wá sí ilé ìfọṣọ, alágbàfọ̀ kì í sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó rò ni pé Ìyá yóò rí ọkùnrin náà, yóò sì béèrè pé ta nìyẹn.

Ìyá rí i lóòótọ́. Ó sì béèrè. Ṣùgbọ́n Pupa ló ṣílẹ̀kùn fún un, nígbà tí ọkùnrin náà sì padà sínú ọkọ̀, ó ní kí Dúdú bá òun bá Pupa sọ̀rọ̀.

Pupa ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó lẹ́wà, ẹ̀rín rẹ̀ kì í jìnnà, kò sì ní àrékérekè kankan. Ká ní ènìyàn burúkú ni, ì bá rọrùn.

Ìyá kọ́ ló bí Dúdú. Bàbá wọn ló fà á lọ́wọ́ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí Ìyá wà nínú oyún Pupa, tó ní ọmọ òun ni. Ìyá wo ọmọ náà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ó ti jẹun?" Láti ọjọ́ náà, aṣọ kan náà ló ń dá fún àwọn méjèèjì, pàṣán kan náà ló sì fi ń nà wọ́n. Nígbà tí Bàbá máa fi kú, kò sí aládùúgbò tó lè tọ́ka sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Dúdú ti gbọ́ ọ rí tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní yàrá ìdáná. "Mo ṣe é," Ìyá ní, "Ọlọ́run sì ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Pupa ò ní ṣe é. Ọmọ mi ò ní bá obìnrin mìíràn tọ́mọ." Dúdú kò bínú. Ó kàn fi ọ̀rọ̀ náà síbi tí yóò ti rí i.

"Ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́, ìwà iṣẹ́ ló máa hù," Ìyá wí kó tó pa fóònù. "Wá ibi tí wàá ti rí i nígbà tó bá bọ́ ọ."

Ibẹ̀ wà. Ní èbúté kan, àwọn èrò tó bá fẹ́ a máa sọ̀kalẹ̀, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì gba àárín òkè kọjá, wọ́n á sùn mọ́jú lórí ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi á sì yí ẹ̀yìn ilẹ̀ náà po lọ dúró dè wọ́n ní èbúté kejì. Amọ̀nà ló ń kó wọn lọ. Òṣìṣẹ́ kan a máa tẹ̀lé e láti tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Kì í ṣe Dúdú ló kàn. Ó lọ bá Ọ̀gá, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ilé ìfọṣọ, ó ní kó fún òun láyè, pé ìyá òun rán òun láti lọ wo ìwà ọkùnrin náà.

Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìyá rẹ ló rán ọ, àbí ọkàn rẹ?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ó dáa. Mi ò ní dá ọmọ dúró lórí iṣẹ́ ìyá rẹ̀."

Òótọ́ ni Dúdú sọ. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu náà nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òótọ́ bora.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọkọtaya arúgbó kan tí wọ́n ń jà lórí fèrèsé. Ọkọ ń ṣí i, ìyàwó ń tì í. Ìyàwó ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọkùnrin yìí ti ń ṣí fèrèsé lé òun lórí, òun kò sì tíì mọ ohun tó ń wá níta. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Dúdú, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Amọ̀nà tó dúró níwájú, tó ń ṣàlàyé òkè fún èrò.

"Ọkọ rẹ nìyẹn?"

Ó yẹ kó sọ pé rárá lójú ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀sì yí kọ́nà kan, ó tún yí òmíràn, kó tó rí ẹnu rẹ̀. "Rárá, mà. Àbúrò mi ló fẹ́ fẹ́."

"Hẹn-ẹn," ni ìyá náà wí, ó sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ ṣí fèrèsé.

Ilé ìtura tí wọ́n sùn sí kò ju ilé pẹlẹbẹ kan lọ: yàrá tó tò lọ, àgbàlá onísìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ omi kan, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Nígbà tí àwọn arúgbó jẹun tán, tí Dúdú ti bá wọn wá gbogbo òògùn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé pamọ́, ó jáde sí àgbàlá. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán. Amọ̀nà lóṣòó ti abọ́ omi, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, ó ń fọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ń fi ìka pa á lára jẹ́jẹ́.

"Ṣé ò ń bẹ̀ ẹ́ ni?" Dúdú bi í. "Ìbọ̀sẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Dìde níbẹ̀."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbo ó bó ṣe yẹ ká gbo ìbọ̀sẹ̀. Amọ̀nà dojú korobá dé, ó jókòó lé e.

"Aṣọ ọmọ ni mo fi kọ́ aṣọ fífọ̀," ó ní. "Mi ò sì mọ̀ ọ́n títí dòní."

Ọwọ́ Dúdú dúró nínú omi.

Amọ̀nà wá sọ ọ́. Òun ní ọmọbìnrin kan. Ìyá ọmọ náà ni ìyàwó tí òun fẹ́ nígbà èwe. Ó bímọ tán, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá òun ni ọmọ wà. Òun kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí òun gbé àpò lọ, nítorí ènìyàn kì í dé ẹnu ọ̀nà onílé kó máa ròyìn òkú. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ yìí bá ń lọ síbi ìgbéyàwó, òun fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí ọkàn ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́ jù.

"Ìwọ ni alárinà," ó ní. "Bá mi sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Sọ pé ó kú ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo já obìnrin jù sílẹ̀ tọmọtọmọ."

"Màá sọ ọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Mo ní màá sọ ọ́."

Ó béèrè bóyá Pupa fẹ́ràn ọmọdé. Dúdú ní àwọn ọmọ iléèwé máa ń tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé, àfi kí àwọn ìyá wọn wá kó wọn. Òótọ́ nìyẹn náà, ó sì dùn ún bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí Amọ̀nà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lo fi àpò rán? Ẹlòmíràn ló máa ń bá ọ gbé e lọ tẹ́lẹ̀."

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Iṣẹ́ máa ń pọ̀. Mo rò nígbà yẹn pé..." Ó gé e. "Ó ti tán. Nígbà tí mo rí àbúrò rẹ, ohun tó fà á yé mi. Ọkọ lò ń wá fún un."

Omi ìbọ̀sẹ̀ ń kán sí Dúdú lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ, àyè rẹ̀ sì là sílẹ̀ gbayawu. Kò sọ ọ́. Ó sá ìbọ̀sẹ̀ sórí okùn, ó ní ó dàárọ̀.

Orí omi ló ti mọ́ ọn lára láti sùn. Ilẹ̀ tí kò mì yìí kò jẹ́ kó fojú kan oorun. Ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Ìyá, ó ń tú u, ó ń tún un tò. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ látorí ikú, Ìyá yóò ní èèyà, yóò béèrè ọjọ́ orí ọmọ, yóò sì rọ̀. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ, Ìyá kò ní dúró gbọ́ ìyókù. Dúdú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti mọ èyí tí yóò fi ṣáájú.

Ó pe Ìyá láàárọ̀ kí àwọn èrò tó jí tán. Ó kí i, Ìyá kí i padà, ó béèrè bí ọkùnrin náà ṣe rí nígbà tó bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Ó ní ọmọ, mà," Dúdú wí.

"Ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Obìnrin."

"Ó ti tó."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n..." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí.

"Mo ní ó ti tó. Mi ò fẹ́ mọ ibi tó ti rí i." Ìyá mí kanlẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹlòmíràn ì bá bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. O ṣeun."

O ṣeun yẹn tẹ̀lé e wọ bọ́ọ̀sì. Ó lè tún pe Ìyá. Gbogbo ọ̀nà òkè ló wà níwájú rẹ̀ láti fi pè é, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbóná. Nígbà tí wọ́n dúró kí àwọn èrò lè nasẹ̀, Amọ̀nà wá bá a lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ó ti mọ̀ láti ojú rẹ̀.

"O bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò fẹ́."

"O sọ pé ó kú?"

"Mo sọ."

Èyí kì í ṣe òótọ́ tí a gé lórí mọ́. Irọ́ ni, bí irọ́ ṣe ń jẹ́. Amọ̀nà mi orí, ó padà síwájú bọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn èrò nípa odò tí wọ́n fẹ́ kọjá. Ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé èbúté kejì, ọkọ̀ ti dúró dè wọ́n, funfun, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti àná. Dúdú sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìfọṣọ, ó sì fọṣọ.

Pupa pè é lẹ́yìn náà. Kò pariwo. "Àǹtí mi, ẹ ṣeun," ó ní. "Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, mi ò bá ti kó sí i. Ojú ẹ̀ sì jọ ojú èèyàn gidi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dúdú ń ṣìpẹ̀ fún un, ó ní Ọlọ́run yóò pèsè èyí tó sàn jù. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ fi omi fọ ẹnu rẹ̀.

Amọ̀nà kò wá sí ilé ìfọṣọ mọ́. Ẹlòmíràn ló ń bá a kó ṣẹ́ẹ̀tì wá. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, kó tó tún fara ti ilẹ̀kùn yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun gé sí méjì ní àgbàlá ilé ìtura, òun fẹ́ sọ ìyókù. Nígbà tí Dúdú fi àpò rán òun, òun rò pé ó ń fi òun han ìyá rẹ̀ fún ara rẹ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," Dúdú wí. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ayọ̀ rẹ̀ sì rí bí ẹran tí ènìyàn jí nínú ìkòkò: ó dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò yéé wẹ̀yìn. Ọ̀gá ti rí wọn kí wọ́n tó sọ fún un. Ó ní òun ni òun yóò lọ bá ìyá Dúdú, pé kọ́là ọkọ ìyàwó tí òun ti lọ̀ kò níye, ó tó àsìkò kí òun náà bá wọn dé ilé ìyàwó. Dúdú ń dá a dúró. Ó ní kó di ìrìn-àjò tó ń bọ̀. Nígbà tí ìyẹn dé, ó tún ní kó di èyí tó tẹ̀lé e. Ó mọ̀ pé ohun tí Ọ̀gá yóò kọ́kọ́ fi ṣe ìpolówó ọkùnrin náà ni pé ìyàwó rẹ̀ ló kú.

Amọ̀nà náà ń ṣiyèméjì. Ó ní wọ́n kọ òun fún Pupa nítorí ọmọ, kí ló dé tí wọn yóò fi gbà fún Dúdú? Dúdú ní wọ́n á gbà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣeé sọ jáde: pé Ìyá yóò ní ọmọ tí obìnrin mìíràn tọ́ lè tọ́ ọmọ obìnrin mìíràn. Ojú tì í pé òun lè ro irú rẹ̀ nípa Ìyá.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní ìlú Amọ̀nà, ó mú un lọ sílé. Ilé oníyàrá méjì ni, ó mọ́ tónítóní. Ọmọ náà gbé bàtà ẹsẹ̀ kan wá, ó ní okùn rẹ̀ tú. Dúdú so ó fún un. Ọmọ lọ gbé ìkejì wá, èyí tí okùn rẹ̀ kò tú, ó ní kó tún un so. Ìyá Amọ̀nà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà ti gbà á nìyẹn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Amọ̀nà jáde láti lọ wo òrùlé tó ń jò, ìyá àgbà náà fa àga sún mọ́ ọn.

"Bá mi kí ìyá rẹ," ó ní. "Ọmọ mi sọ fún mi pé wọ́n gbọ́ pé ó kú, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ ọmọ òrukàn sílé. Mo kọ́kọ́ bínú. Mo wá rò ó pé ẹni tó lọ́mọ ló mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Sọ fún wọn pé mo ti gbàgbé ẹ̀."

Dúdú ní òun yóò jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ìyá, tó gba ọmọ ọlọ́mọ wọlé láìbéèrè ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ, ni wọ́n ń dárí jì nínú ilé yìí fún ìkà tí kò ṣe.

Lójú ọ̀nà èbúté, ó sọ ọ́ fún Amọ̀nà. Kò fi ohunkóhun dì í. Ó sọ èyí tó kọ́kọ́ sọ fún Ìyá, èyí tí kò sọ, àti irọ́ tó pa lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Amọ̀nà dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ń yà fún wọn kọjá.

"Nílé yín, ọkùnrin tó já obìnrin jù sílẹ̀ ni mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nílé wa, ìyá rẹ ni obìnrin tí kò fẹ́ rí ọmọ òrukàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ nìkan lara ẹ̀ mọ́ nínú ilé méjèèjì."

Amọ̀nà ní kó lọ sọ ọ́ fún wọn lójúkojú, kó má fi fóònù sọ ọ́, kó má sì mú òun dání. Tó bá sọ ọ́ tán, kó wá sọ ohun tó kù fún òun. Ó ṣáájú rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀.

Dúdú gba àyè, ó lọ sílé. Ó bá Ìyá níbi tó ti ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ Pupa. Pupa jókòó sílẹ̀, ó ń gé pépà aláwọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní iléèwé. Inú wọn dùn sí i, wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ fún un. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kúnlẹ̀ ná.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ikú ṣáájú. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó ní kó bá òun kí Ìyá. Sísíọ́ọ̀sì Pupa ti dúró. Ìyá ṣì ń fa okùn abẹ́rẹ́.

"O ti fẹ́ ẹ kó tó gbé àpò wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò sì lẹ́nu."

"Ẹ ní Pupa ò jẹun mọ́."

"Mo béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ?" Ìyá fi eyín já okùn. "Ká ní o wá bá mi, kí o ní, Ìyá, èmi ni mo fẹ́ ẹ, ṣé màá pa ọ́ ni? Ẹ̀ bá sunkún, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀ bá sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n o mọ ibi tó ń dùn mí. Ibẹ̀ gan-an lo fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo sì ní o ṣeun." Ó gbé aṣọ náà sórí itan. "Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni mo rán ọ, Dúdú. Tẹrú lo fi jẹ́ ẹ."

Dúdú yíjú sí Pupa. Ó ní tó bá ṣì fẹ́ ọkùnrin náà, òun yóò yẹra, òun yóò sì fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún un.

"Kí n wá fẹ́ ẹni tó ń wẹ̀yìn wo àǹtí mi?" Pupa wí. Kò gbójú sókè. "Mo ti sunkún ẹ̀ tán. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ṣìpẹ̀ fún mi. Ẹ gbọ́ ẹkún mi lórí fóònù, ẹ ṣìpẹ̀ fún mi. Ẹ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n máa bá yín yọ̀ báyìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pépà rẹ̀ lọ. Orúnkún ti ń dun Dúdú, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó dìde.

"Ta ló ń di irun ọmọ yẹn?" Ìyá béèrè níkẹyìn.

"Ìyá àgbà ni, mà. Ṣùgbọ́n ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́."

Ìyá mi orí. "Ní kí ọkùnrin náà wá. Èmi ni mo ní ẹ̀bẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Màá sì wá síbi ìgbéyàwó rẹ. Wọn ò ní ráyè sọ pé torí mi ò bí ọ ni mi ò ṣe wá. Ọmọ mi ni ọ́." Ó mú abẹ́rẹ́, ó tún ń wá ojú rẹ̀ fún okùn. "Ṣùgbọ́n mi ò ní rán ọ níṣẹ́ mọ́."

Dúdú rò pé ìbínú ni, pé yóò kọjá. Amọ̀nà kò tètè dá a lóhùn nígbà tó padà dé. Ó lọ sọ́dọ̀ Ìyá fúnra rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ tí Dúdú kò mọ̀ títí dòní, ó sì padà wá fara ti ilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ. Ó ní òun ṣì ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí, ohun tí òun bá fẹ́ kí Ìyá gbọ́, òun ni òun yóò máa sọ ọ́ fún un. Dúdú ní ó dáa.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn kékeré kan. Ọ̀gá jó títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Pupa wá, ó gbé ẹ̀bùn sílẹ̀, ó kí ọkọ, ó kí ìyàwó, ó sì tètè lọ. Ìyá wọ aṣọ tuntun. Ó ti dé láti ọjọ́ tó ṣáájú, òun ló di irun ọmọ náà, ó dì í wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, kò sì yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé irú ìyá báyìí ṣọ̀wọ́n. Dúdú ń gbọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Dúdú jókòó sí. Ìkòkò omi àti ife wà lórí tábìlì níwájú, ẹni tó bá fẹ́ bù ú yóò dìde díẹ̀ ni. Dúdú ti na ọwọ́, ó ti fẹ́ dìde, ó ń dúró kí Ìyá sọ ọ́.

Ìyá wo iwájú, ó wo ọ̀tún, ó fojú fo Dúdú bí ẹni fo àga òfìfo. Ó rí ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń ṣeré.

"Ìwọ, ọmọ mi," ó pè é. "Wá bá mi bu omi wá."

Ọmọ náà sáré wọlé, inú rẹ̀ dùn pé òun ni wọ́n rán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife, omi ń dà sára aṣọ rẹ̀. Ó gba iwájú Dúdú kọjá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sún." Dúdú sún fún un.